Ẹ dákun, báwo la ṣe lè tún ilé yìí ṣe kó lè bá ọmọdé mu?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán ilé àti ẹ̀yin olùkọ́ jẹ́léósinmi. Èmi àti àbúrò mi fẹ́ sọ ilé ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ n'Ìbàdàn di jẹ́léósinmi fún àwọn ọmọ ọdún 2 sí 5.

Ooru ló ń dà mí láàmú jù. Páànù ni òrùlé, àjà rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Tó bá fi di ọ̀sán, inú yàrá á ti gbóná janjan. Fèrèsé wà, ṣùgbọ́n wọ́n ga débi pé ọmọ ọdún 3 ò lè rí ìta àfi tí wọ́n bá gbé e. Mo fẹ́ kí wọ́n wá sísàlẹ̀, kí àwọn ọmọ lè máa wo igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Bíríkìlà wa ní ká má dán an wò, pé ọmọ á já bọ́. Èmi rò pé irin tó dúró lóòró yóò dáàbò bò wọ́n, torí ọmọ máa ń gun èyí tó bá dábùú. Ṣé ó dáa bí àlàfo àárín irin ò bá ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, kí orí má baà há?

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ṣé ká wá ìjókòó kékeré rà ni, àbí kí káfíńtà kan àpótí tí wọ́n á máa gùn sídìí ti àgbà?

Owó wa ò pọ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan la lè kọ́kọ́ ṣe, ṣé òrùlé ni àbí fèrèsé? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.