Káàdì pọ́ìntì ọ̀fẹ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì: báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ó lérè?

ỌmọOwé
Òkun o, ẹ̀yin ará. Kàbbà ni mò ń gbé, ìparí oṣù sì ni mo máa ń ra nǹkan ilé ní Lọ́kọ́jà: mílíìkì, ọṣẹ, òróró, nǹkan bíi ₦40,000. Wọ́n ní káàdì pọ́ìntì wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì ibẹ̀: bí èèyàn bá ṣe ń rajà ni pọ́ìntì á máa wọlé, tó bá pọ̀, á fi rajà. Báwo ni mo ṣe lè ṣírò iye tó ń padà sápò mi? Ṣé ó dìgbà tí èèyàn bá ní fóònù ńlá? Ṣé èmi àtìyàwó mi lè jọ lo ọ̀kan?

AlátẹÌyàrà
Ènì ni pọ́ìntì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ojú yín ni ìyá elépo ti ń bu ènì tiẹ̀ sínú ìgò, inú ìwé ni ti súpámákẹ́ẹ̀tì wà. Torí náà, ẹ béèrè ohun méjì kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀: èló ni mo máa ná kí n tó gba pọ́ìntì kan? Èló ni pọ́ìntì kan máa jẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ fi rajà? Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára ògiri, àmọ́ inú ti ìkejì lowó wà.

Ká ní ₦200 ló ń mú pọ́ìntì 1 wá, tí pọ́ìntì 1 sì jẹ́ ₦1. ₦40,000 yín á mú pọ́ìntì 200 wá, ìyẹn ₦200 lóṣù, ₦2,400 lọ́dún. Owó ni, ẹ má jù ú nù. Ṣùgbọ́n bí agolo mílíìkì kan bá fi ₦150 wọ́n ju ti ọjà Kàbbà lọ, agolo méjì péré ti jẹ ₦300. Ènì oṣù yẹn ti lọ, ₦100 tiyín sì ti bá a lọ. Ẹ má torí pọ́ìntì wọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́jà láéláé. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ló gbé yín débẹ̀, ẹ lò ó.

Ẹ máa wo ìwọ̀n tó wà lára ọ̀rá pẹ̀lú. Bí mílíìkì 350g bá jẹ́ ₦3,500, ₦10 ni gíráàmù kan. Bí ti 850g bá jẹ́ ₦8,075, ₦9.50 ni. Àádọ́ta kọ́bọ̀ yẹn lórí gíráàmù 850 jẹ́ ₦425, ó ju pọ́ìntì oṣù méjì lọ!

Agbowó_Ìsánlú
Òótọ́ ni ìṣirò yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó, torí ibẹ̀ ni pọ́ìntì ti ń sọnù jù.

Fóònù kékeré tó. Orúkọ àti nọ́ńbà ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹ pe nọ́ńbà náà fún ẹni tó ń gbowó kí ẹ tó sanwó. Bí rìsíìtì bá ti jáde, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí wọ́n padà sẹ́yìn. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì: pọ́ìntì tó wà tẹ́lẹ̀, ti òní, àti àpapọ̀. Bí ti òní bá jẹ́ 0, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, tàbí pé ọjà tí wọ́n ti dín owó rẹ̀ kù lẹ rà (ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kì í fún irú rẹ̀ ní pọ́ìntì), tàbí pé nẹ́tíwọ̀kì ò sí, á wọlé tó bá yá. Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì lọ́jọ́ náà gan-an. Ooru ni wọ́n fi ń tẹ irú ìwé yẹn, kì í ṣe yíǹkì. Bí oòrùn bá pa á nínú mọ́tò, ó lè má ṣeé kà mọ́, ẹ ò sì ní ẹ̀rí mọ́.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kí ẹ̀yin àti màmá ilé jọ máa pè. Bó bá jẹ́ pé pọ́ìntì 500 ni wọ́n ní kó pé kí ẹ tó lè fi rajà, 200 lóṣù á dé ibẹ̀ lóṣù kẹta. Bí ẹ bá pín in sí 100-100, ó di oṣù karùn-ún. Níbi tí pọ́ìntì bá sì ti ń kú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀mí rẹ̀ ti fẹ́ bọ́ nìyẹn.

Nọ́ńbà tó ń ṣiṣẹ́ déédéé ni kí ẹ lò. Síìmù tí ẹ ò fi pè, tí ẹ ò fi ra dátà fún 180 ọjọ́, iléeṣẹ́ fóònù lè ti í, tó bá sì pẹ́, kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Pọ́ìntì yín á bá a lọ.

ỌmọOwé
Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yé mi. Àwọn tó máa ń pe èèyàn pé pọ́ìntì ti pọ̀, kí a ka nọ́ńbà mẹ́fà (OTP) tó bá àtẹ̀jáde wọlé sórí fóònù fún wọn ńkọ́? Àti bí iye tó wà lára pẹpẹ bá yàtọ̀ sí iye tí ẹ̀rọ pè?

ỌmọÌjùmú
Ẹ pa fóònù mọ́ ọn lójú. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì yín, kì í ṣe ti pọ́ìntì. Kò sí ilé ìtajà tó nílò rẹ̀ lórí ìpè, kò sì sí èyí tó nílò PIN tàbí BVN torí káàdì ọ̀fẹ́. Bí fọ́ọ̀mù wọn bá béèrè BVN, ẹ dá a padà fún wọn. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀, tí àtẹ̀jáde wọn wá ń dà yín láàmú, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ní ti iye: òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 ò fàyè gbà wọ́n láti gba ohun tó ju iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà lọ. Ẹ ya fọ́tò iye tó wà lára pẹpẹ, ẹ fi hàn wọ́n níbẹ̀, kí ẹ tó sanwó. Ọ̀rọ̀ máa ń le lẹ́yìn tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́.