Streak mi ti pé 314, oníbàárà Kùtọnù dé, ológbò ni mo sọ

OmoItoku
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Èmi àti mọ̀mí mi la jọ ń ta adìrẹ ní Ìtòkú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Abẹ́òkúta dáadáa ẹ mọ̀ pé àwọn ará Kùtọnù máa ń wá rajà níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n ní kí n kúkú kọ́ Faransé. Mo wa áàpù kan sórí fóònù, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún lóòjọ́ ti tó. Kí n má parọ́, ó dùn. Téèyàn bá gbà á á dún tìn-ín, àpótí ẹ̀bùn á ṣí, iná kékeré kan á máa jó lókè pẹ̀lú iye ọjọ́ téèyàn ti fi ń bọ̀ láì pa ọ̀kankan jẹ, streak ni wọ́n ń pè é, tèmi ti di 314. Mo ti ṣe é nínú mọ́tò Láfẹ́nwá, mo ti ṣe é níbi ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi (Ọlọ́run á forí jì mí), ọjọ́ kan iná ò sí, fóònù ku 2%, aago mọ́kànlá àbọ̀ òru ni mo lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò wa torí kó má bàa já.

Wàyí o. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa, Faransé ló ń sọ, ó fa adìrẹ eléko kan yọ, ó kọjú sí mi, ó ní "C'est combien?", ìyẹn ni pé èló ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi kàn ṣófo gbáú. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni pé ológbò ń mu mílíìkì, mo sì sọ ọ́ síta kẹ̀! "Le chat boit du lait." Obìnrin yẹn wò mí, ó wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì bóyá á rí ológbò. Mọ̀mí mi tí ò fọwọ́ kan áàpù rí ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, "madame, dix mille, bon prix", pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni, owó tó dáa, wọ́n na ìka, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ ná an títí, ó ra márùn-ún ó lọ. Kùtọnù tí wọ́n máa ń lọ ra ọjà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge ni wọ́n ti gbọ́ ìwọ̀nba yẹn.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé èmi ni mo ya olódo ni àbí wọ́n kàn ń fi mí ṣeré? Ṣé kí n já streak yẹn dànù? Torí bí mo ṣe ń rò ó báyìí pé kí n já a, àyà mi ń já.

AyekootoAdatan
Ó wo abẹ́ tábìlì 😂😂😂 mo kú o. Ó yẹ kẹ́ ẹ bá a wá ológbò yẹn jáde kẹ́ ẹ fi ṣe ẹ̀ẹ́nì.

KoduObantoko
Àbúrò, fọkàn balẹ̀, nǹkan kan ò ṣe ọpọlọ ẹ. Áàpù kíkọ ni mo fi ń jẹun, kì í ṣe ti èdè o, ti owó ni, àmọ́ ọgbọ́n kan náà la jọ ń lò.

Iná tó ń jó yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan, Kahneman àti Tversky, ti kọ ọ́ láti 1979 pé ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn máa ń dùn ún ju bí inú ẹ̀ ṣe máa dùn lọ tó bá rí irú ẹ̀ he. Ìyá àgbà tó wà nílé mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, àwọn kàn fi ìṣirò tì í lẹ́yìn ni. Lọ́jọ́ tó o ní 1, tó bá já, kí ló kàn ẹ́. Ní báyìí tó ti di 314 o ti lẹ́rù, ẹrù yẹn lo sì ń ṣọ́, kì í ṣe Faransé. Ìdí nìyẹn tó o fi lè lọ kan ilẹ̀kùn onílé lóru.

Àpótí ẹ̀bùn ńkọ́? O ò mọ̀ bóyá 5 ni wàá bá níbẹ̀ àbí 50, àbí? Ẹyẹlé Skinner nìyẹn. Onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà ni, ó kó ẹyẹlé sínú àpótí, ó rí i pé tí oúnjẹ bá ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹyẹ mọ ìgbà tó máa jáde, ńṣe ni ẹyẹ yẹn á máa ṣá nǹkan tí wọ́n ní kó ṣá lọ ràì, kódà ju èyí tí wọ́n ń fún lóúnjẹ ní gbogbo ìgbà tó bá ti ṣá a. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ẹyẹlé náà lójúkojú ẹ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ èyíkéyìí nírọ̀lẹ́ Sátidé.

Mi ò mọ áàpù tó ò ń lò, mi ò sì fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi èyí tó jẹ́ àgbà nínú wọn ṣàpẹẹrẹ. Duolingo, Luis von Ahn ọmọ Guatemala àti Severin Hacker ló dá a sílẹ̀, 2012 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní 2020 lórí bí kọ̀ǹpútà wọn ṣe ń yan ọ̀rọ̀ ìránnilétí tó máa fi ránṣẹ́ sí ẹ, pé èyí tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lánàá agbára ẹ̀ ti dín, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi ná, kí wọ́n fi òmíì pè ẹ́. Wọn ò fi pamọ́ o, ẹnikẹ́ni lè kà á. Láti 2021 tí wọ́n ti wọ ọjà ṣíà Nasdaq, iye èèyàn tó ń ṣí áàpù lójoojúmọ́ wà lára nǹkan tí wọ́n máa ń kà sétí àwọn tó ra ṣíà. Iye èèyàn tó lè ná adìrẹ ní Faransé, ta ló máa bá wọn ka ìyẹn?

NosiToNloJamani
Ẹ̀gbọ́n Kodu ẹ rọra, èmi ò lè bú wọn pátápátá. Nọ́ọ̀sì ni mí, Jámánì ni mò ń kọ́, kí áàpù tó dé ọwọ́ mi mo ti ra ìwé méjì tí mi ò kà kọjá ojú ewé kẹwàá. Iná tí wọ́n ń bú yìí ló jẹ́ kí n máa jókòó. Lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ tí ojú mi ti ń pa dé, mo máa ní jẹ́ n ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ta kí n má pàdánù, ìgbà míì ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn á di ọgbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ lónìí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Lìígì ló bà mí jẹ́. Wọ́n á kó èèyàn 30 jọ, ẹ ò mọra yín rí, ẹ̀ ń du pọ́íǹtì títí di alẹ́ Sọ́ńdè, àwọn díẹ̀ á gòkè, àwọn díẹ̀ á wálẹ̀. Ará kan wà níbẹ̀ tí mo kórìíra bí ìgbẹ́ mi ò sì mọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Mo wá rí i pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ pátá, ti búrẹ́dì àti omi, mo lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan kó sì fún mi ní pọ́íǹtì, ni mo bá ń ṣe búrẹ́dì àti omi bí ogójì ìgbà lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo gòkè. Lọ́jọ́ kejì mo lọ gbìyànjú ìdánwò B1 ti Goethe (ìdánwò èdè Jámánì ni, ìpele àárín) kan tí wọ́n fi ń dánra wò, ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí, kíkà, gbígbọ́, kíkọ, sísọ, nígbà tó kan sísọ ẹnu mi wúwo bí òkúta Olúmọ. Búrẹ́dì àti omi ò jáde ńbẹ̀.

IyaAlajo
Ọmọ mi, ọmọ mi obìnrin ló ka ọ̀rọ̀ ẹ sí mi létí, òun náà ló ń bá mi tẹ èyí. Alájọ ni mí, láti Láfẹ́nwá dé Sápọn ni mo ti ń gba àjọ, ọdún kejìdínlógún rèé.

Káàdì tí mo máa ń fún wọn, ojú 31 ló wà níbẹ̀. Ojú kìíní tèmi ni, owó iṣẹ́ mi nìyẹn, gbogbo wọn mọ̀. Tiwọn nìyókù. Aláta kan wà tí kì í fẹ́ rí òfìfo lórí káàdì ẹ̀, tí òjò bá dá mi dúró á rán ọmọ wá mi kó máa mú owó bọ̀, ó ní tóun bá rí ibi tí wọn ò fàlà sí ara òun kì í balẹ̀. Sítíríkì tẹ́ ẹ̀ ń pè yẹn, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ wa. Mi ò lè sọ pé ó burú, torí tí kì í bá ṣe ti káàdì yẹn owó yẹn ì bá ti bá ata rà.

Àmọ́ tóṣù bá parí mo máa kó owó fún un, á sì kà á lójú mi níkọ̀ọ̀kan kó tó so ó mọ́ etí ìró ẹ̀. Ìwọ ńkọ́, ọjọ́ wo ni wọ́n máa kó tìẹ fún ẹ? Ojú 314 lo ti dá, ṣé o ti kà á wò? Alájọ tó bá gba ojú 314 lọ́wọ́ èèyàn tí ò dá ọjọ́ ìkówó, tó bá jẹ́ ní Láfẹ́nwá ni, gbogbo ọjà ti máa wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀. Má ya káàdì o. Máa lọ gba owó ẹ. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, wá ẹnì kan kó o bá a sọ ọ́, kó o mọ iye tó wà níbẹ̀.

KoduObantoko
Mà, ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ máa ṣe ọ̀gá wa níbi iṣẹ́. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

TisaAsero
Ìyá, ẹ ṣé gan-an mà. Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

OmoItoku, áàpù ẹ á gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin síwájú ẹ pé kó o mú ọ̀kan, àbí? Kéèyàn dá nǹkan mọ̀ tó bá rí i ọ̀tọ̀, kó fà á yọ nínú orí ara ẹ̀ nígbà tí ẹnì kan dúró tì í pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ pátápátá. Àkọ́kọ́ lo ti ṣe fún 314 ọjọ́. Ìkejì, lọ́jọ́bọ̀ yẹn lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ibi tí áàpù ti gba máàkì lọ́dọ̀ mi ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ebbinghaus ará Jámánì ti kọ ọ́ láti 1885 bí nǹkan ṣe ń yára fò lọ lórí èèyàn, àti pé téèyàn bá ń padà sí i pẹ̀lú àlàfo á pẹ́ kó tó lọ. Ìwọ tó ò ń ta adìrẹ, ìyẹn ò yẹ kó ṣàjèjì sí ẹ. Ṣé àwọn aláró máa ń ri aṣọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n fi sílẹ̀ sínú ìkòkò di ọ̀la ni? Wọ́n á rì í, wọ́n á fà á yọ, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, ẹ ó rí i tí àwọ̀ ewé tó wà lójú ẹ̀ á máa yí sí búlúù lójú yín, wọ́n á tún rì í. Ìgbà tó wà níta yẹn gan-an ni aró ń mú. Ìwọ kò jẹ́ kí Faransé ẹ jáde síta rí.

Ti ẹ̀bùn ńkọ́, èmi náà ti jìyà ẹ̀. Lọ́dún kan mo ń fún àwọn ọmọ ní bisikíìtì tí wọ́n bá dáhùn ní Faransé, kíláàsì ń hó yèè. Bisikíìtì tán, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn tó tiẹ̀ ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ wá ń wo ọwọ́ mi. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo kà nípa ohun tí àwọn olùwádìí kan, Lepper, Greene àti Nisbett, ṣe ní 1973: àwọn ọmọ jéléósinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà, wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún apá kan, nígbà tó yá tí kò sí ìwé ẹ̀yẹ mọ́ àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yà á mọ́, àwọn yòókù ń yà á lọ. Bisikíìtì mi ló rán mi níṣẹ́ yẹn.

Nọ́ńbà ni kó o mú, torí nọ́ńbà lọjà. Má bẹ̀rù 80. Quatre-vingts, ogún mẹ́rin nìyẹn, kí sì ni ọgọ́rin tiwa tí kì í bá ṣe ogún mẹ́rin? Àwa la yẹ ká tètè gbọ́ ọ. Ní 90 la ti yà, àwọn ní ogún mẹ́rin lé mẹ́wàá, àwa ní ọgọ́rùn-ún dín mẹ́wàá. Áàpù kan tó bá sọ ìyẹn fún ọmọ Ẹ̀gbá, èmi náà á sanwó fún un.

OmoItoku
Ẹ ṣé o gbogbo yín, Ìyá Alájọ ẹ ṣé mà, ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n sùn.

Mo ní kí n jábọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé mo gbọ́kàn le, mo mọ̀ọ́mọ̀ pa fóònù, mo sùn. Nígbà tó di àárọ̀ mo ṣí i pé kí n lọ wo òkú ẹ̀. Kò kú o! Wọ́n ní àwọn ti fi yìnyín bò ó fún mi, pé àwọn ò ka ọjọ́ kan tí mi ò wá yẹn, mo ti rà á sílẹ̀ láìmọ̀ nígbà tí mo ń ná àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí mo jẹ, owó inú áàpù nìyẹn. Mo fi han mọ̀mí mi, wọ́n ní "ṣé ohun tó ò lè kọ̀ sílẹ̀ nìyẹn lo pè ní gémù?"

Ní báyìí tá a bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù wọ́n á ní kí n ka aṣọ tó kù ní Faransé sókè, àwọn á máa tò ó. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Lánàá mo kà á dé 69 geere, mo wá há. Tísà, 74 ńkọ́ sà, ṣé ọgọ́ta lé mẹ́rìnlá ni wọ́n ń sọ ni?