Bakitéríà fùfú mi dúró lójú kan lórí ẹ̀rọ, àmọ́ nínú abọ́ ó ń pọ̀ sí i

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń ṣe másítà níbí l'Ábẹ́òkúta. Lactobacillus plantarum, bakitéríà tó ń mú kí gbágùúdá kan, ni mò ń yẹ̀ wò. Mò ń wá èyí tó máa tètè kan jù, kí àwọn tó ń ṣe fùfú tà lè rí i lò. Wákàtí méjì-méjì ni mò ń bu díẹ̀ nínú MRS, oúnjẹ olómi tí mo gbìn wọ́n sí, sínú spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ (600 nm) wọn bí omi ṣe rú tó. Láàárọ̀ nọ́ńbà rẹ̀ ń gòkè dáadáa. Tó bá ti dé 1.7 lọ́sàn-án, kì í gòkè mọ́. Àmọ́ ohun tí mò ń kà nínú abọ́ agar lọ́jọ́ kejì fi hàn pé wọ́n ṣì ń pọ̀ sí i. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Orí pátákó ni wọ́n ti kọ́ wa ní gbogbo èyí, a ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Ó ń dùn mí gan-an.

Ìyá Láàbù:
Ọmọ mi, ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Kì í ka bakitéríà, ìmọ́lẹ̀ tó kọjá ló ń kà. Tí wọ́n bá ti kún bí èrò ọjà Kútọ̀, ọ̀kan á bo èkejì mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ á sì kà wọ́n kéré. Tó bá ti kọjá 0.4, là á: 1 ml sínú 9 ml MRS tí o kò fi nǹkan kan sí. MRS yẹn náà ni kí o fi ṣe òdo ẹ̀rọ. Kà á, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po 10. Ní ti abọ́, èyí tí ìṣù bakitéríà 30 sí 300 bá hù nínú rẹ̀ nìkan ni kí o kà.

Ṣùgbọ́n pípẹ́ẹ̀tì, ohun tí a fi ń fa omi ní ìwọ̀n, ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí mò ń kọ́. Omi lásán, lórí ìwọ̀n. 1 ml gbọ́dọ̀ wọn giráàmù 1, ẹ̀ẹ̀mẹwàá léra wọn, kí n tó jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ bakitéríà. Ọmọbìnrin kan fi odidi ọ̀sẹ̀ ṣe é, ó sunkún, mi ò gbà fún un. Tí 1 ml òní bá ju ti àná lọ, wàá máa rò pé bakitéríà kan dára ju èkejì, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ ni.

Kíkan lo sì ń wá, kì í ṣe iye wọn. Wọn pH (òdiwọ̀n kíkan), fi sodium hydroxide wọn ásíìdì rẹ̀, ní wákàtí kan náà tí o ń ka ẹ̀rọ. Èyí tó pọ̀ jù lè má jẹ́ èyí tó kan jù.

Àkàndé Ọ̀sìẹ̀lẹ̀:
Fùfú ni màmá mi fi tọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò nínú dúrọ́ọ̀mù pẹ̀lú omi kànga. Gbágùúdá tó ń rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta nígbà ooru, tí ọyẹ́ bá dé, ó lè di márùn-ún.

Ìyá Láàbù:
Òótọ́ ọ̀rọ̀. MRS sì wọ́n jù fún dúrọ́ọ̀mù, ẹ dán omidùn wò. Ní 1941, ní Peoria l'Amẹ́ríkà, omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo ni wọ́n fi kún oúnjẹ Penicillium, èbu tó ń mú oògùn penicillin jáde, penicillin sì pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ọmọ Ìtòkú:
Mà, mo là á lónìí. Aago mẹ́rin, 0.32, ìyẹn 3.2. Mo wọn pípẹ́ẹ̀tì mi náà lẹ́ẹ̀mẹwàá: giráàmù 0.93 sí 1.06. Omi ni mo tún máa fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.