Òṣùwọ̀n ní bàbá mi ò rù, ṣùgbọ́n aago ń yí lọ́wọ́ wọn

Àbíkẹ́yìn: Ẹ kú ilé o. Ẹni ọdún 66 ni bàbá mi, jẹjẹrẹ àpòlúkù ni wọ́n ń tọ́jú. Kílò 78 ni wọ́n ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n tó gba kẹ́mò (oògùn jẹjẹrẹ) kẹta, òṣùwọ̀n ní 76. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ó dáa. Ọkàn mi ò gbà á. Aago tí wọ́n ti ń dè láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì ti ń yí kiri ọrùn ọwọ́ wọn. Ẹ̀bátí méjèèjì ti jìn, eegun èjìká yọ síta. Bẹ́ẹ̀ ikùn wọn le gbandi, ẹsẹ̀ sì wú débi pé sálúbàtà ò gbà á mọ́. Ife ẹ̀kọ kan láàárọ̀, wọ́n á ní àwọn ti yó. Ṣé òṣùwọ̀n ni kí n gbà gbọ́ ni, àbí ojú mi?

Onímọ̀ oúnjẹ: Ojú yín ni o. Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Òṣùwọ̀n ò mọ omi yàtọ̀ sí ẹran ara. Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí omi bá ń kún ikùn àti ẹsẹ̀, tí ẹran apá àti itan ń lọ, iye kan náà ni yóò máa pè.

Ẹ ní kí bàbá jókòó lórí àga, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n dìde kí wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí ẹnìkan dúró tì wọ́n o! Tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára ti dín. Ẹ má wọn ẹsẹ̀ tó wú; apá òkè ni kí ẹ fi téèpù télọ̀ wọn, ojú ibì kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọsibítù, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń fún mọ́wọ́: ọkùnrin tí kò bá fún un dé kílò 27, agbára rẹ̀ kéré. Ẹ tún béèrè nípa CT, àwòrán inú ara tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀. Níbi eegun ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní L3, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè wọn bí ẹran ara ṣe kù sí. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é.

Lábẹ́ GLIM, ìlànà àgbáyé tí a fi ń dá àìjẹunrekánú mọ̀, ẹni tí jẹjẹrẹ ń ṣe, tí kò jẹun tó, tí ẹran ara rẹ̀ sì ti dín, àìjẹunrekánú ti mú un, ohun yòówù kí òṣùwọ̀n wí.

Ará Leeds: Ìyá mi ní tiwọn sanra, jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n dín láti 84 sí 81, kò sẹ́ni tó fura. Ọ̀rá ló bo eegun mọ́lẹ̀. Ìgbà tí kẹ́mò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọn dùbúlẹ̀ la tó gbọ́ pé ẹni tí ẹran ara ti tán lára rẹ̀, oògùn náà máa ń fìyà jẹ ẹ́ jù.

Ọmọ Ìlọrin: Albumin, purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, ti lọ sílẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n wa. Ṣé ẹyin la máa fi gbé e sókè?

Onímọ̀ oúnjẹ: Rárá. Bí àìsàn bá ń jà nínú ara, albumin á lọ sílẹ̀ kódà kéèyàn máa jẹ àjẹyó. Ẹ ṣáà máa fún wọn lẹ́yin. Àbíkẹ́yìn, purotéènì grámù 1.2 sí 1.5 fún kílò kan lójúmọ́ là ń wá. Bíi 6 ló wà nínú ẹyin kan. Ẹ po mílíìkì mọ́ ẹ̀kọ yẹn, ẹ máa fún wọn ní mọ́ínmọ́ín díẹ̀díẹ̀. Kò dandan kó jẹ́ ẹlẹ́mìí méje.

Àbíkẹ́yìn: Ìṣẹ́jú àáyá 19 ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n di tábìlì mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ṣé sójà ni mo fẹ́ sọ àwọn dà ni. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo gbé e fún dókítà. Wọ́n fa omi lítà márùn-ún jáde nínú ikùn wọn. Òṣùwọ̀n wá di 71. Wọ́n ti fi orúkọ wa ránṣẹ́ sí onímọ̀ oúnjẹ níbẹ̀. Mo fẹ́ gbé aago lọ kí wọ́n yọ ojú ṣéènì mẹ́ta, bàbá kọ̀, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, ọwọ́ àwọn máa tó kún un padà.