Orí ń fọ́ mi, “me duele la cabeza”: ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá wa kọ́ èdè Sípéènì

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Móstoles:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù kẹjọ mi rèé ní Sípéènì. Mò ń lọ sí kíláàsì alẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ládùúgbò wa, mo sì ti mọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: búrẹ́dì, omi, ilẹ̀kùn, owó ilé. Bí mo ṣe máa tò wọ́n pọ̀ ni kò yé mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ọmọ mi obìnrin lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo fẹ́ sọ pé inú ń run ún, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni “ella es dolor”, ìyẹn “òun ni ìrora”. Dókítà wò mí títí, ó ní ṣé kò sẹ́ni tó lè bá mi túmọ̀ ni. Ọmọ ń sunkún lọ́wọ́ mi. Mo délé, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ.

Olùkọ́ wa máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún àwa tá a wá láti Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ méjì, “ser” àti “estar”, ni wọ́n ní níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo “to be”. Ó ní “ser” ni ti ohun tó wà títí láé, “estar” ni ti ohun tó máa tó kọjá lọ. Mo há a sórí, síbẹ̀ mo ṣì ń ṣì í. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni tiyín ṣe wọlé?

Ìyá Ìbejì, Fuenlabrada:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Báwo lara ọmọ lónìí? Ọdún kẹrìnlá mi níbí nìyí. Ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn niṣẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ èdè yìí ju kíláàsì èyíkéyìí lọ. Ohun kan ni màá bẹ̀ ọ́ pé kó o ṣe: gbé Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ná. Tó o bá ń ti Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, kó o tó wá ti Gẹ̀ẹ́sì dé Sípéènì, ọ̀nà yẹn ti jìn jù.

Gbọ́ èyí. Nílé, “orí ń fọ́ mi” la máa ń wí. Kí ló ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn yẹn? Orí ni. Èmi ni orí ń ṣe é sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni “me duele la cabeza”: “la cabeza” ni orí, “duele” ni ohun tí orí ń ṣe, “me” ni èmi tó ń dùn. “Ẹsẹ̀ ń dùn mí” ni “me duelen los pies”. Ó di “duelen” torí pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni. Ti ọmọ rẹ, “le duele la tripa” ni wàá sọ, inú ń run ún. “Tripa” yẹn làwọn ìyá ibí máa ń pe inú ọmọdé.

“Me gusta” náà nìyẹn. Má kà á sí “mo fẹ́ràn”, kà á sí “ó wù mí”. Aṣọ yìí wù mí: “me gusta este vestido”. Bàtà wọ̀nyí wù mí: “me gustan estos zapatos”. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tá a jọ ṣe kíláàsì nígbà yẹn jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí fún oṣù bíi mẹ́ta. Àwa ọmọ Yorùbá ti ń sọ ọ́ láti kékeré.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Móstoles:
Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnikẹ́ni ò fi hàn mí báyìí rí. “Le duele la tripa.” Mo ti kọ ọ́ sára ògiri. “Ser” àti “estar” wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Fuenlabrada:
Òfin títí láé yẹn ló ṣi èmi náà lọ́nà fún ọdún kan gbáko. Madrid ò ní kúrò níbi tó wà, àmọ́ “Madrid está en España” ni. Ẹni tó kú ò ní padà wá, àmọ́ “está muerto” ni. Ibo ni ti ìgbà díẹ̀ wà níbẹ̀?

Fi etí sí ohun tí Yorùbá rẹ ń sọ. Níbi tá a bá ti lo “ni” tàbí “jẹ́” láti sọ ohun tí ẹnì kan jẹ́, “ser” ni. Ọmọ Nàìjíríà ni mí: “soy nigeriana”. Ọmọ mi ni: “es mi hija”. Níbi tá a bá ti lo “wà”, “estar” ni. Mo wà nílé: “estoy en casa”. Níbi tí “ń” bá wà torí pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́, “estar” náà ni. Ọmọ ń sùn: “la niña está durmiendo”.

Èyí tó là mí lójú jù ni “ti”. Nígbà tí nǹkan bá ti bọ́ sí ipò kan tó sì wà níbẹ̀, Yorùbá á fi “ti” sí i, Sípéènì á fi “estar” sí i. Ó ti fọ́: “está roto”. Wọ́n ti tì í: “está cerrado”. Ó ti kú: “está muerto”. Kọfí ti tutù: “el café está frío”. Mo ti lọ́kọ: “estoy casada”. Wo ọ̀rọ̀ kan náà yìí: “es lista” ni ó gbọ́n, “está lista” ni ó ti ṣetán. “Ti” ló ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló ti máa bá a mu o. “Ó ga” kò ní “ni”, kò ní “ti”, síbẹ̀ “es alto” ni, torí bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Sì fi èyí sọ́kàn, torí dókítà: ara mi ò yá ni “estoy mala”. Tó o bá lọ sọ “soy mala”, èèyàn burúkú lo pe ara rẹ.

Bọ̀dá Valencia:
Ẹ ṣé o, Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. “Mo ti jẹun” náà ní “ti” nínú, “he comido” sì ni, kì í ṣe “estoy”.

Ìyá Ìbejì, Fuenlabrada:
Òótọ́ lẹ sọ, ó yẹ kí n ti fi kún un. Tó bá jẹ́ ohun tí ẹnì kan ti ṣe lò ń sọ, “he”, “has”, “ha” ló ń gbé e. Mo ti ti ilẹ̀kùn: “he cerrado la puerta”. Tó bá jẹ́ ipò tí ilẹ̀kùn wà báyìí lò ń sọ, tí o ò wá ẹni tó tì í: “la puerta está cerrada”. Mo ti sanwó: “ya he pagado”. Mi ò tíì sanwó: “todavía no he pagado”. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: “acabo de llegar”. “Kò tíì” àti “ṣẹ̀ṣẹ̀” wa wà níbẹ̀ pérépéré.

Bàbá Ọmọ, Zaragoza:
Ibì kan ṣẹ́ kù. Ibi tí ìpàdé tàbí ayẹyẹ ti máa wáyé, “ser” ni: “la reunión es en la iglesia”. Wọ́n bi mí ní ìyẹn nínú DELE A2, ìdánwò èdè Sípéènì, mo sì pàdánù rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò ìwé ọmọ onílùú, láti 2015 ni wọ́n ti ń béèrè DELE A2 lọ́wọ́ ẹni tí kò wá láti orílẹ̀-èdè tó ń sọ Sípéènì, pẹ̀lú CCSE, ìdánwò nípa òfin àti àṣà Sípéènì, tó jẹ́ ìbéèrè 25. Ẹ gbọ́dọ̀ gba 15 níbẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ọdún 10 yín bá pé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Móstoles:
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Àwọn “hablo, hablas, habla” yẹn wá ńkọ́? Yorùbá ò ní irú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Fuenlabrada:
Níbẹ̀ yẹn, Yorùbá ò lè gbà ọ́. “Mo lọ, o lọ, wọ́n lọ”, “lọ” wa kì í yí padà. Tiwọn, ìdí ọ̀rọ̀ ló ń sọ ẹni tó ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi dárúkọ “yo” àfi tí wọ́n bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn. “Vivo en Móstoles” ti tó. “O” tó gbẹ̀yìn “vivo” ni “mo” wa. Má há tábìlì sórí. Mú ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́, fi sọ nǹkan tó jẹ́ òtítọ́ nípa ilé rẹ: èmi ń ṣiṣẹ́, “trabajo”, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́, “mi marido trabaja”, àwa méjèèjì ń ṣiṣẹ́, “trabajamos”.

Akọ àti abo náà, kò sí ọ̀nà àbùjá. “El” ni ti akọ, “la” ni ti abo. Má kọ́ “leche”, wàrà, lásán, “la leche” ni kó o kọ́. “El pan” ni búrẹ́dì, “la llave” ni kọ́kọ́rọ́. “O” ló sábà máa ń parí ti akọ, “a” ti abo, àmọ́ àwọn kan á tàn ọ́ jẹ: “la mano”, ọwọ́, “el día”, ọjọ́, “el problema”, ìṣòro. Inú mi dùn pé ibì kan wà tó rọrùn: ilé funfun, “casa blanca”. Ilé ṣíwájú, funfun tẹ̀ lé e, bíi tiwa.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ fi kún un, torí ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. “Tú” ni “ìwọ”, “usted” ni “ẹ̀yin”. Màmá àkọ́kọ́ tí mo tọ́jú ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mò ń wí fún un pé “¿cómo está usted?”, ó ní “tutéame, hija”, pé kí n máa pe òun ní “ìwọ”. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Èmi tí mi ò lè pe ìyá mi ní “ìwọ”! Ó gbà mí tó oṣù kan. Nígbà tó yá mo rí i pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, pé “usted” ń gbé mi jìnnà sí i. Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “usted” lọ́fíìsì àti lọ́dọ̀ àgbà, kó o sì jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá “usted” lọ ni ti “òun”: “usted tiene”, “usted está”. Fi wé bá a ṣe ń pe àgbà kan ṣoṣo ní “wọ́n”, wàá rí i pé èdè lè tìtorí ọ̀wọ̀ lo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ẹlòmíì fúnni.

Àǹtí Hialeah:
Ẹ ẹ̀ rí i, ẹ jẹ́ kí n ti Amẹ́ríkà bá yín dá sí i. Àwọn ará Kúbà la jọ ń gbé níbí. “Vosotros” tí wọ́n ń kọ́ yín yẹn, “ẹ̀yin” fún èèyàn púpọ̀, wọn kì í lò ó lọ́dọ̀ wa, “ustedes” ni fún gbogbo èèyàn. “Coger el autobús”, wọ bọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ ń wí ní Sípéènì, ẹ má sọ ọ́ níwájú ará Mẹ́síkò, ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe ló jẹ́ létí wọn. “Tomar” ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ tún ṣọ́ àmì orí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohùn òkè bíi tiwa, ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ló ń fi hàn, àmọ́ ó ń yí ìtumọ̀ padà bí ọkọ́ àti ọkọ̀. “Hablo” ni mò ń sọ̀rọ̀, “habló” ni ó sọ̀rọ̀. “Papá” ni bàbá, “papa” ni ọ̀dùnkún. Àmì orí “ñ” ńkọ́? “Tengo 30 años”, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí, ni kẹ́ ẹ kọ. Tẹ́ ẹ bá yọ àmì yẹn, ihò ìdí lẹ kọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí obìnrin ará Kúbà kan pe “Changó”, omi bọ́ lójú mi. Èdè Sípéènì ò ní “ṣ”, “ch” ni wọ́n fi gbé e, wọ́n sì tẹ ìparí rẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ Ṣàngó wa ni. “Aché” ni àṣẹ. “Babalao” ni babaláwo. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ti sọ èdè méjèèjì pọ̀ kí àwa tó dé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Móstoles:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. À ń padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́la. Mo ti kọ ohun tí mo máa sọ, ẹ bá mi wò ó: “Buenos días. Mi hija está mala. Le duele la tripa y tiene fiebre. Lleva tres días así. También le duele los oídos.” Ìyẹn ni pé ara ọmọ mi ò yá, inú ń run ún, ibà ń ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta rèé tó ti wà bẹ́ẹ̀, etí náà sì ń dùn ún.

Ìyá Ìbejì, Fuenlabrada:
Ó dáa gan-an, àbúrò mi. “Está mala” yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ibì kan péré ni: etí méjèèjì ni, “le duelen los oídos”. Fi “n” yẹn sí i, kó o sì jẹ́ ká gbọ́ bí ọmọ ṣe ń ṣe tẹ́ ẹ bá dé.