Ọjọ́ tí àrọ̀ gún mi lọ́wọ́ l'Ẹ́lẹ́yẹlé

Ọmọ Ìjòkòdò:
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìrírí tèmi nípa ẹja pípa. Omi Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn, odò Ọ̀nà ni wọ́n sé ní 1942 kí ará ìlú lè rí omi mu. Tiwa kọ́ nìyẹn nígbà tá a wà lọ́mọdé. Ẹja la mọ̀. Tí ilé-ìwé bá ti jáde, ọ̀pá ọparun, okùn ọ̀rá àti ìwọ̀ la ń kó lọ. Ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, la ti ń wú ekòló. Ẹpìyà la sábà máa ń rí, kéékèèké, tí ẹgungun wọn pọ̀ ju ẹran lọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi rú, ẹpìyà kankan ò jẹ ìdẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi ọṣẹ ìfọṣọ sẹ́nu ìwọ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo sáà gé e bíńtín, mo jù ú sí ẹ̀bá ibi tí ojú oró pọ̀ sí. Kò pẹ́, ègé sílípáàsì tí mo so mókùn kí ó máa léfòó rì wọlé, kò jáde mọ́.

Àrọ̀ ni! Ó gùn tó apá mi. Mo wọ́ ọ dé etí omi, ayọ̀ ò jẹ́ kí n ronú, mo kì í mọ́lẹ̀ ṣìkún. Ẹ̀gún ìhà ọrùn rẹ̀ wọnú àtẹ́lẹwọ́ mi. Igbe tí mo ké! Mo jù ú sílẹ̀, okùn já, ó fàyà wọ́ gba inú koríko padà sómi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi: "Ìwọ̀ mi dà?"

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wọn kì í gbá àrọ̀ mú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀gún méjèèjì ni kí o ti dì í mú, kí o sì bu eérú sọ́wọ́, torí ó ń yọ̀. Èmi, ẹpìyà ló dẹ́rù bà mí. Mo lọ ra ẹja l'Áṣẹ́jìrẹ́, mo da ẹyọ kan sínú abọ́ omi, ló bá ń pọ nǹkan wínníwínní lẹ́nu. Mo rò pé kòkòrò ni. Àṣé ọmọ ẹ̀ ni, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri! Baba tó tà á fún mi ní ẹnu ni wọ́n ti ń tọ́ wọn. N kò lè jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìjòkòdò:
Ẹ ṣé mà. Ẹ wá tà á ni?

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Kí ni kí n fi ṣe?

Onígèrè:
Èmi dẹ ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ tá a fi ń mú ẹja, sílẹ̀ mọ́jú, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láàárọ̀. Nǹkan tútù kan lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ejò omi ni. Láti ìgbà náà, mo máa ń gbọn ìgèrè sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni.