Tábúlẹ́ẹ̀tì àbí e-reader: èwo ló dáa jù fún ìwé kíkà?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Nígbà Iléyá, ibi iṣẹ́ wa kó wa láti Òṣogbo lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin Dọ́bà ní Ìlọrin. Oòrùn mú ganrínganrín. Mo ṣí ìwé lórí tábúlẹ́ẹ̀tì mi ká tó bẹ̀rẹ̀, ojú ara mi nìkan ni mo rí nínú gíláàsì rẹ̀! Ọ̀gá mi ń ka tiwọn wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí Kindle, ìyẹn e-reader, ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún ìwé kíkà. Nígbà tí ẹṣin máa fi eré sí i, bátìrì mi ti kú, mi ò rí fọ́tò kankan yà. Ó dùn mí wọra. Ṣé kí n tà á ni?

Akọ́mọlédè: Ẹ kú ìrìnàjò, mà. Iná tábúlẹ́ẹ̀tì ń tàn láti ẹ̀yìn gíláàsì ni, oòrùn sì máa ń borí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e-reader ló fi ń hàn, bíi bébà. Ìgbà tí ẹ bá ṣí ojú ìwé tuntun ló ń jẹ iná jù, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tó cháàjì rẹ̀.

Ọmọ Ìgbọ̀nà: Ẹ má tà á o! Àwọn ìbejì ńkọ́? E-reader ò wúlò fún fídíò.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni. Ó di tiwọn nìyẹn. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí e-reader àlòkù tó dáa rà?